Ìgbà Tí Wọ́n Fi Kọ́kọ́rọ́ Ti Ọ̀fun Ọkọ-Ìyàwó

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá

Dókítà ọ̀fun ti dígí kékeré ọlọ́wọ́ gígùn kan bọ̀ mí lẹ́nu, ó wò ó títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Ó ní kókó kan ti yọ lórí okùn ohùn mi, kò ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ. Ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko ni n kò gbọdọ̀ fi la ẹnu sọ̀rọ̀. Mo bi í pé bí mo bá ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ńkọ́. Ó ní ìyẹn ló burú jù. Mo ní ẹ̀rín ńkọ́. Ó rò ó díẹ̀, ó ní kí n máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bí ẹ bá gbọ́ràn, ohùn yín lè padà. Bí ẹ kò bá gbọ́ràn, ẹ máa lọ wá iṣẹ́ mìíràn."

"Lè" ló wí. Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Mo ra ìwé méjì bí mo ṣe ń bọ̀ nílé. Ọ̀kan ni n ó máa fi bá èèyàn sọ̀rọ̀, ọ̀kan rèé tí n ó máa fi bá ara mi sọ̀rọ̀. Obìnrin tó ń tà á bi mí bóyá onílà ni mo fẹ́. Mo nawọ́ sí i. Ó wojú mi, ó ní, "Ọkọ-Ìyàwó, ṣé kò sí o?" Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọdún méjìlélógún rèé tí gbogbo ìlú ti ń pè mí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí eré tí mo ṣe tí wọn kò fi ìyàwó fún mi ní ìparí rẹ̀.

Òjò ń rọ̀ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́. Títí di aago mẹ́rin, mi ò tíì gbàgbé àṣẹ dókítà lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Ní Àbámẹ́ta tó kọjá ló ṣẹlẹ̀, níbi ìdánrawò. Orin ìfẹ́ ni, níbi tí ohùn ti ń gun òkè. Mo ya ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ṣí ilẹ̀kùn yàrá tó mọ̀ dunjú, tó wá bá pápá gbalasa níbẹ̀. Màámi Dùùrù, tó ti ń tẹ dùùrù fún mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́ mi nílé eré, dá ọwọ́ dúró. Kò wẹ̀yìn. Ó kàn ní kí gbogbo wa lọ jẹun, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù.

Lónìí, Ọ̀gá tó ni ẹgbẹ́ eré wa ka lẹ́tà dókítà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀sán ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀ ni eré tuntun wa yóò bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìpolówó ti wà lára gbogbo ògiri, ojú mi ló sì kún inú rẹ̀. Ọ̀gá ní kò sí wàhálà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sọ ọ́, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wàhálà wà. Ó ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yóò bá mi di ipò mi mú títí n ó fi padà. Ara àwọn tó ń gbe orin ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣòkòtò rẹ̀ kò sì kan ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ rí.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé ọ̀rọ̀ pé: "Yóò dì í mú ni, àbí yóò gbà á?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

N kò mọ̀ pé ilé wa ní ohùn tó pọ̀ tó báyìí. Ilẹ̀kùn yàrá ní ohùn tirẹ̀. Omi tó ń kán láti orí òrùlé sínú garawa ń pe nǹkan kan, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan náà, bí ẹni tó ń kọ́ ìwé kíkà.

Mo kọ "iyọ̀" sínú ìwé, mo nà án sí ìyàwó mi. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wá gíláàsì ojú rẹ̀, ó rí i lórí fèrèsé, ó fi sójú, ó kà á. "Iyọ̀?" Nígbà yẹn mo ti dìde lọ mú un fúnra mi. Ó ní bí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí bá jẹ́ kíkọ ni, mélòó nínú rẹ̀ ni òun ì bá kà. Mo wò ó bóyá àwàdà ni. Ó ti padà sídìí ìkòkò.

Oyin tí mo ń lá fún ọ̀fun ti gbówó lórí. Mo rà á bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Òjò kò jẹ́ kí n jáde. Mo jókòó sójú fèrèsé, mo ń ro ìgbà tí mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá mi. Wọ́n pè é kó wá tún irinwó àga ṣe nílé eré, ó sì mú mi dání kí n máa di ẹsẹ̀ àga mú fún un. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní kí n gun àkàbà lọ kan ìṣó mọ́ igi àjà tó wà lókè ìtàgé. Mo ń kàn án, mo ń kọrin, bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa. N kò mọ̀ pé obìnrin kan wà nísàlẹ̀ tó ń nu eruku ara dùùrù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé mi. N kò dákẹ́. Títí dòní n kò mọ ìdí tí n kò fi dákẹ́. Ó dà bíi pé odò kan ń gbé mi lọ, mo sì mọ̀ pé kò ní rì mí. Ìgbà tí orin parí, bàbá mi gbójú sókè, ó ní, "Ìṣó mélòó lo ti kàn?" Ẹyọ kan péré ni.

Irun Màámi Dùùrù ṣì dúdú nígbà yẹn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá mi wá wò mí kó tó kú. Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí. Nígbà tí a délé, mo bi í pé báwo ló ṣe rí i. Ó ní àga tí mo jókòó lé nínú eré náà ń mì. Lọ́jọ́ kejì wọ́n sọ fún mi pé ó ti wá láàárọ̀ kùtù tòun ti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó ti tún un ṣe, ó sì ti lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Mo lọ jókòó níbi ìdánrawò. Ohùn Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ́ bí omi inú ife, ṣùgbọ́n ìdúró rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin. Inú mi dùn pé kò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo kọ ọ́ síhìn-ín kí n lè rí i lójú ara mi.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Kùrukùru bo ilẹ̀ láàárọ̀. Mo gba ẹ̀yìn ilé ìfowópamọ́ tuntun tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ kọjá, mo sì gbọ́ ohùn mi. N kò rí ẹni tó ń kọrin ná. Nínú kùrukùru lókè ló wà. Orin inú eré wa kẹta ni. Ó dé ibi ọ̀rọ̀ "ìfẹ́", ó pe "ì", ó mí, kó tó pe "fẹ́".

Ọfìnkìn ló ṣe mí lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ eré yẹn. Èémí mi já sáàárín ọ̀rọ̀. Àwọn òǹwòran rò pé ìfẹ́ ló gba èémí lẹ́nu mi, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Láti ìgbà náà n kò tún un ṣe; bẹ́ẹ̀ ni mo ń pe ọ̀rọ̀ náà nínú gbogbo orin. Nígbà tí kùrukùru ká díẹ̀, mo rí i pé bíríkìlà kan ni, ó ń to bíríkì, kò bojú wo ìsàlẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá àwọn kan wá tòun ti ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní kí n kọrin sínú ìwo ńlá kan, wọn yóò fi í sínú àwo giramafóònù, ẹni tí kò tíì délé ayé yóò gbọ́ ọ. Mo ní ohùn mi kì í ṣe ẹja inú agolo. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Báyìí, ibi tí ohùn mi kù sí láyé ni ẹnu bíríkìlà kan, tòun ti àṣìṣe inú rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo tètè darí dé láti ibi ìdánrawò. Ẹni tí kò lè kí ará ilé, ta ni yóò mọ̀ pé ó dé? Ìyàwó mi wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ ìtẹ́sùn. Atẹ́gùn ń gbé àwọn aṣọ funfun náà, wọ́n ń wú, wọ́n ń rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń rí lábẹ́ wọn.

Ó ń kọrin.

Orin ìfẹ́ inú eré tuntun ni. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí ó fi mọ́ ọn lára. Ó dé ibi tí ohùn ti ń gun òkè, ibi tí mo ti bá pápá gbalasa, ó sì kọjá níbẹ̀ bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mú aṣọ nínú ọpọ́n. Kò tilẹ̀ dá ọwọ́ dúró.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni n kò ti gbọ́ ohùn yẹn. Òun ni ìyàwó tí wọ́n ń fún mi nínú eré mẹ́fà àkọ́kọ́ tí mo ṣe, kí n tó fẹ́ ẹ nílé. Ìgbà tí a bí ọmọ wa obìnrin, tó wà nílé ẹ̀kọ́ báyìí, ló fi ìtàgé sílẹ̀. Mo ti rò pé ohùn náà kú ni. Kò kú. Èmi ni mo kún inú ilé. Láti òwúrọ̀ ni mo ti máa ń gun ohùn sókè sódò láti yàrá dé yàrá, bí ẹni tó ń gbé àga kiri. Àyè wo ló kù fún ẹlòmíràn láti la ẹnu?

Mo dúró títí orin parí. Mo tún jáde sójú ọ̀nà, mo wá kan ilẹ̀kùn bí àlejò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kọ. Ọwọ́ mi kọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo ti kọ ọ́.

Nígbà tí ọmọ wa pé oṣù mẹ́jọ, Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí n pe ìyàwó rẹ padà?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó sinmi." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Ọ̀gá rò pé ìyàwó mi ló rán mi. Mo délé, mo sọ fún un pé Ọ̀gá ti mú ẹlòmíràn. Ó ń fún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́. Ó ní, "Ó dáa," ó sì gbé ọmọ sí apá kejì.

Ìdí rẹ̀ nìyí, n kò ní bò ó mọ́. Nínú eré tí a ṣe kẹ́yìn, nígbà tí a jáde wá tẹríba, àtẹ́wọ́ tirẹ̀ gùn ju tèmi lọ. Mo dúró níbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń kà á lọ́kàn.

Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé ọ̀rọ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì rẹ̀ lọ́sàn-án. Ó nu ọwọ́. Ó fi gíláàsì sójú. Ó kà á tán, ó bọ́ gíláàsì, ó wo ìta. Oòrùn ti yọ díẹ̀ lẹ́yìn òjò, gbogbo ojú ọ̀nà ń tàn.

"Mo mọ̀," ló wí. "Màámi Dùùrù gbọ́ ọ lẹ́nu Ọ̀gá, ó sọ fún mi lọ́sẹ̀ yẹn gan-an."

N kò lè wo ojú rẹ̀.

"Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi dúró kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Ìgbà tí o kò lẹ́nu mọ́ lo tó wá sọ ọ́."

Láti ọjọ́ tí a ti jọ ń gbé, "ẹ" ló máa ń lò fún mi, níwájú èèyàn àti lẹ́yìn èèyàn. Òní ni mo kọ́kọ́ gbọ́ "o" lẹ́nu rẹ̀. Tíì rẹ̀ ti tutù. Ó mu ún tán.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Kò wo ìwé mi lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ó ti padà sí "ẹ". Ṣùgbọ́n "ẹ" tí ayálégbé ń lò fún onílé ni.

Nílé eré, wọ́n gbé ọkọ obìnrin tó ń ṣe ìyá ìyàwó lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, obìnrin náà sì ti dì mọ́ ọn lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Ọ̀gá ní bó bá burú burú, òun yóò wọ aṣọ obìnrin. Òun náà ló ń ṣe bàbá, nítorí náà òun ni yóò máa bá ara rẹ̀ jà.

Lẹ́yìn ìdánrawò, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tẹ̀lé mi wálé. Ó jókòó sí etí àga, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ibi tó ga nínú orin yẹn ń ba òun, òun ń lá àlá rẹ̀. Mo fi ọwọ́ júwe pé kó kọ orin náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dé "ìfẹ́", ó pe "ì", ó mí.

Mo gbé ọwọ́ sókè. Mo kọ ọ́ fún un pé: "Àṣìṣe mi nìyẹn. Má kọ́ ọ."

Ó kà á, ó wò mí bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọ̀dà ni wọ́n fi kun òṣùpá. "Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún."

Mo tún kọ ọ́ pé: "Mo mọ̀. Ìdí tí n kò fi tún un ṣe nìyẹn."

Mo mú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé ẹ̀gbẹ́ mi, mo sì mí sínú, kó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń sùn sí. Mo ṣe é títí tirẹ̀ náà fi ń lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ láì já ọ̀rọ̀ sí méjì. Ó gun òkè, ó sì dúró lókè. Àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù dún. Ẹnu ya òun fúnra rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Inú mi bàjẹ́, inú mi sì dùn. N kò mọ èwo ló kọ́kọ́ dé.

Nígbà tó lọ tán, ohùn ìyàwó mi jáde láti yàrá kejì. Ó ní ọmọ yẹn yóò ṣe é dáadáa, bí ẹnì kan bá lè bá a já etí ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó dá sọ sí mi láti ọjọ́ Àìkú nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo dé ilé eré, mo gba ẹ̀yìn wọlé. Iná orí ìtàgé nìkan ni wọ́n tàn, òkùnkùn bo gbogbo àga. Obìnrin kan dúró nínú ìmọ́lẹ̀ náà, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń gbọ́n aṣọ kan, ó ń ká a sínú àpótí. Mo ti mọ èjìká yẹn kí n tó mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá jókòó tì mí, ó sọ ọ́ sí mi létí. Ní Àbámẹ́ta ni ìyàwó mi wá bá a. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ń wá ìyá. Ọ̀gá bi í bóyá mo mọ̀ pé ó wá. Ó bi Ọ̀gá bóyá ọwọ́ mi ni yóò ti gbà á síṣẹ́. Ó ní nǹkan kan ṣoṣo ni òun fẹ́: òun kò ní ṣe ìyá tó kàn ń gbé àwo wọlé, tó ń gbé àwo jáde. Ìyá náà gbọ́dọ̀ ní orin. Màámi Dùùrù kọ ọ́ tán ní ọjọ́ Àìkú: orin àwọn òbí méjì, láàárọ̀ tí ọmọ wọn ń kúrò nílé.

Mo wo ìyàwó mi. Ó yíjú, ó rí mi nínú òkùnkùn, kò sì dá ọwọ́ dúró.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ọgbọ̀n ọjọ́ ti pé. Mo ti to gbólóhùn kan tó dára sílẹ̀ tí n ó kọ́kọ́ sọ. Dókítà wò mí tán, ó ní kókó náà ti lọ. "Ẹ sọ nǹkan kan."

"Kí ni kí n sọ?"

Bí mo ṣe fi í ṣòfò nìyẹn.

Ohùn bàbá mi ló jáde. Ó wúwo, ó há, bí ayùn tó ń gba inú pákó gbígbẹ kọjá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wẹ̀yìn wò ó. Dókítà fi orin kékeré kan dán mi wò. Ìsàlẹ̀ wà. Òkè kò sí. Ó ní ó ṣeé ṣe kó má padà mọ́, bí mo bá sì fipá wá a, ìyókù yóò tẹ̀lé e lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ ni kí n máa fi sọ̀rọ̀ títí òun yóò fi tún rí mi.

Mo rìn wálé. N kò gun ọkọ̀. N kò rántí ojú ọ̀nà tí mo gbà.

Mo ní, "Mo ti dé." Ìyàwó mi yíjú kíá, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá àlejò kan ló bá mi wá. Mo fa àga, mo jókòó síwájú rẹ̀, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ọ́fíìsì Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ mẹ́rin, irọ́ tí mo gbé wálé, àtẹ́wọ́ tí mo kà. Kíkọ rẹ̀ rọrùn ju sísọ rẹ̀ lọ. Ìwé kì í wojú èèyàn.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Mo ti gbọ́ báyìí," ló wí. Ó wá bi mí bóyá ọ̀fun ń dùn mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá

Mo lọ bá Ọ̀gá. Mo ní kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣe ọkọ ìyàwó, kí n ṣe bàbá. Ọ̀gá mọ̀ pé ohùn òun dà bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ inú kànga, ó sì mọ̀ pé bàbá náà ti ní orin báyìí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó káàánú mi. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sunkún. Mo ní kó tọ́jú omi yẹn, ooru iná orí ìtàgé yóò gbà á lára rẹ̀.

Mo ń ṣe àwàdà bẹ́ẹ̀ títí mo fi dé ìta. Ọkùnrin tó ń lẹ ìwé ìpolówó wà lórí àkàbà, ó ń lẹ ìwé tuntun bo ti àtijọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mo dúró wò ó títí ó fi dé imú mi. Mo yíjú kúrò kó tó dé ojú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún

Èmi àti ìyàwó mi ṣe ìdánrawò orin náà. Òun ló ni òkè, èmi ni mo ni ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbàgbé, tí mo fẹ́ tẹ̀ lé e gòkè. Màámi Dùùrù ní, "Ìwọ, kúrò lọ́nà rẹ̀. Dúró nísàlẹ̀, kó o dì í mú." Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe nínú ilé yẹn ni: kí n di ẹsẹ̀ nǹkan mú kí ẹlòmíràn lè kàn án. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo dì í mú. Ó rí bí ẹni tó dúró sínú odò tí omi mu ú dé àyà, tí ọkọ̀ ojú omi kan ń rọra kọjá lórí omi náà.

Ìyàwó mi ní ẹ̀rù ń ba òun. Mo ní èmi náà. A rìn wálé nínú kùrukùru, kò sí ẹni tó kí wa.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọ̀la ni. Ìyàwó mi ti já etí ṣòkòtò Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sílẹ̀, ó tún fi aṣọ kún un. Ó kan bàtà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá

N kò lè kọ nǹkan kan lánàá.

Ilé kún. Òjò rọ̀ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo gbọ̀ngàn ń gbóòórùn aṣọ títutù. Nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jáde, wọ́n ń kùn. Àwọn kan ti gbọ́ pé n kò ní ṣe é, àwọn kan kò gbọ́. Mo dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo di okùn mú. Ó dé ibi "ìfẹ́". Kò mí. Ó gun òkè, ó dúró lókè, kíkùn náà sì parí. Mo rí i pé èmi ni mo mí dípò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, àkókò wa tó. Ọmọ inú eré ti di ẹrù tán. Màámi Dùùrù tẹ ohùn méjì péré. Mo bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan ní iwájú sọ nǹkan kan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bóyá ó dá mi mọ̀, bóyá kò dá mi mọ̀. Mo kọ ìlà méjì tèmi ní ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ mo gbọ́ tí ìyàwó mi fa èémí. Mo ti gbàgbé bí ó ṣe máa ń ṣe é, kíún, bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí. Ohùn rẹ̀ jáde. Kì í ṣe ohùn ọmọge tó fi sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo ọdún tó fi dákẹ́ wà nínú rẹ̀, ó sì ń tàn bí ojú ọ̀nà lẹ́yìn òjò.

Ìgbà tí a parí, kò sí ariwo. Mo rò pé a ti bà á jẹ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó yẹ kó wọlé, gbàgbé láti wọlé. Lẹ́yìn náà àtẹ́wọ́ dé, láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó ń bọ̀ bí òjò lórí páànù. Tirẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Mo fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn ìṣísẹ̀ méjì kí wọ́n lè rí i dáadáa, mo sì gbọ́ ọ títí ó fi tán, n kò kà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá

Ìwé ìròyìn jáde láàárọ̀ yìí. Ìlà mọ́kàndínlógún ni wọ́n kọ nípa ìyàwó mi. Wọ́n bi ara wọn léèrè ibi tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ fara pamọ́ sí láti ọjọ́ yìí. Wọ́n kọ mẹ́jọ nípa Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nípa mi, wọ́n ní ẹni tó ṣe bàbá náà ṣe dáadáa.

N kò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mi ti òní. Mo jókòó tì í nídìí tábìlì, mo ka ìlà mọ́kàndínlógún náà sókè fún un. Ó ní kí n tún un kà, òun kò gbọ́ ibi tí wọ́n ti mẹ́nu kan ohùn dáadáa. Mo mọ̀ pé ó gbọ́ ọ. Mo tún un kà. Ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, ó dijú, ó ní kí n rọra kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n má fo ìlà kankan. Mo rọra kà á.

Nígbà tí mo parí, ìṣẹ́jú mi ti pé. Mo dákẹ́. Ó dìde láti kó ife kúrò nílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin.